Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: béèyàn ṣe ń ṣèwádìí ọ̀ràn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti ń fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ẹ máa gbà á jàre, kò burú. Àwọn tó pè mí wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n bá ẹgbẹ́ àwọn onílé àtàwọn ọmọ tó ń ṣọ́ àdúgbò lálẹ́ sọ̀rọ̀, kí n sọ béèyàn ṣe ń ṣèwádìí, yálà ọ̀ràn tó kan ọlọ́pàá bí olè jíjà, àbí ọ̀rọ̀ tèmi-tìẹ bí ilẹ̀ àti gbèsè. Iṣẹ́ ìwádìí yìí ni mo fi jẹun títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́ńṣàn, àwọn lọ́yà ṣì ń pè mí sí i báyìí, torí náà tọ́rọ̀ mi bá fẹ́ jọ ti ọlọ́pàá jù, ẹ foríjì mí.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó dùn lẹ́nu o. Àmọ́ nídìí iṣẹ́ tèmi, òwe yẹn ti sọ aláìṣẹ̀ sí àtìmọ́lé jù. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Nǹkan méjì péré ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ẹnì kan gbọ́ igbe, ọmọ kan sì kú, ó tán. Tí wọ́n bá gbé fáìlì yẹn fún mi, màá béèrè pé ta ló gbọ́ igbe náà, ibo ló wà, aago mélòó ló lù, báwo ló ṣe mọ̀ pé àjẹ́ ni kì í ṣe òwìwí. Ọmọ ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, ta ló fún un lóògùn, oògùn wo, níbo ni wọ́n ti rà á? Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa béèrè débẹ̀, ó lè jẹ́ pé àjẹ́ ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, kẹ́míìsì ló wà níbẹ̀.

Ohun tí mo torí ẹ̀ wá gan-an nìyẹn. Ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́, ohun tí mo rò, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn lórí ẹní kan. Ẹni tó bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kódà tí ò bá kàwé, ó ti di olùwádìí dé ààbọ̀. Ẹni tí ò bá lè yà wọ́n, ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ ayé fún un, aláìṣẹ̀ ló máa mú.

Ẹ jẹ́ ká fi kajú ṣe é, ṣebí Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan ń ra kajú, ó kó àpò ogójì sí sìtọ́ọ̀, ó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mẹ́wàá ti di àwátì. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì ti wọ mọ́tò lọ sí abúlé rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ yẹn kan náà. Haa! Gbogbo àdúgbò ti dájọ́, ọlọ́dẹ ló kó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ló ń lé e? Àwọn ọ̀dọ́ á tún fẹ́ lọ mú ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ fi wá. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ń pè ní ACJA, ti 2015 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ti ní òfin tiẹ̀ lórí béèyàn ṣe ń bójú tó ẹjọ́ ọ̀daràn.

Èmi, tí mo bá débẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ kọ́ ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Àgádágodo ni màá kọ́kọ́ wò. Ṣé wọ́n gé e ni? Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń dán, tó bá ti pẹ́, á ti dípẹtà. Tí àgádágodo bá wà pátápátá tí ò ní àpá kankan, a jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, àbí wọ́n tú irin tó há ilẹ̀kùn, àbí wọ́n gba orí àjà wọlé, ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ wo síìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò kajú kan lè tó 80 kílò, ẹnì kan ò lè ru mẹ́wàá rẹ̀ fo fẹ́ǹsì lóru kan kí ẹ̀yìn rẹ̀ má kán, nítorí náà ọkọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀ sì máa ń fi ojú táyà sílẹ̀, ó máa ń pariwo, àpò tó bá sì ya á máa jò lọ lójú ọ̀nà. Níkẹyìn màá wá tẹ̀ sílẹ̀ wo ibi táwọn àpò tó sọnù yẹn jókòó sí. Ibi tí àpò bá ti ń jókòó sí, eruku kì í débẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e kúrò lálẹ́ àná, ojú ibẹ̀ á mọ́, ẹ máa rí ààmì rẹ̀ roboto. Tó bá wá jẹ́ pé eruku ti bo ibẹ̀, tí aláǹtakùn ti ta sí i, a jẹ́ pé àwọn àpò ẹ̀yìn yẹn ti kúrò níbẹ̀ ó pẹ́, ẹnì kan ló ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tó fi àwọn ti iwájú bo àṣírí, ìyá náà ò sì ka àpò rẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìrìn àjò ọlọ́dẹ ìdájí wá di nǹkan míì. N ò sọ pé ọlọ́dẹ ò ṣe é o! Mo ní a ò tíì mọ̀ ni.

Ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ yìí, àwa gan-an la máa ń bà á jẹ́. Ogún èèyàn á ti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó pe ọlọ́pàá, ẹnì kan á ti gbá ilẹ̀, ẹnì kan á ti gbé ọ̀bẹ sókè pé òun nìyí, ẹlòmíì á ti ṣe fídíò sórí WhatsApp (mi ò mọ irú ìyà tí ì bá tọ́ sáwọn tó ń ya òkú èèyàn sórí status). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́kọ́ débẹ̀, iṣẹ́ yín ò pọ̀: ẹ wo ẹni tó bá fara pa kó dé ọsibítù, ẹ na okùn yí ibẹ̀ ká, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ débẹ̀ sílẹ̀ àti orúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ dúró lókèèrè kẹ́ ẹ ya gbogbo ilé pẹ̀lú òpópónà, ẹ wá sún mọ́ ọn, ẹ wá ya nǹkan náà gan-an pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ yàwòrán ibẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú, kó má rẹwà náà, ẹ ṣáà wọn ìwọ̀n láti ilẹ̀kùn dé ibi tẹ́ ẹ ti rí nǹkan. Aṣọ tó bá lẹ́jẹ̀, ẹ má dì í sínú ọ̀rá o, ó máa rà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi bébà dì í, ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti ẹni tó mú un sára rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ tí nǹkan yẹn bá gbà kọjá títí dé kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, torí ohun tí lọ́yà olùjẹ́jọ́ máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ta ló mú un dání láàárín ọjọ́ ìṣẹ́gun sí ọjọ́bọ̀.

Ọkùnrin Faransé kan wà, Edmond Locard, òun ló dá yàrá àyẹ̀wò ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ìlú Lyon lọ́dún 1910, ohun tí wọ́n sì ń rántí rẹ̀ fún ni pé kò sí bí nǹkan méjì ṣe máa fara kanra tí ọ̀kan ò ní fi nǹkan sí ara èkejì. Àmọ́ ìtàn tó wù mí láti sọ ṣáájú tiẹ̀. Ní Necochea, ní Argentina, lọ́dún 1892, wọ́n bá ọmọ méjì tí wọ́n pa sínú ilé, ìyá wọn náà fara gbọgbẹ́ lọ́rùn, ìyá yìí ní ará àdúgbò kan ló ṣe é. Wọ́n gbé ọkùnrin yẹn, wọ́n lù ú, wọ́n dá a lóró, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Álvarez, tí Juan Vucetich ti kọ́ nípa ìtẹ̀ka, wá padà lọ wo ilé yẹn fúnra rẹ̀, ó rí ìtẹ̀ka ẹlẹ́jẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó gé pákó yẹn jáde, wọ́n fi wé ti ìyá, ó bá a mu, ìyá náà jẹ́wọ́. Ká ní ọkùnrin àdúgbò yẹn ti jẹ́wọ́ lábẹ́ ẹgba ńkọ́? Ta ni ì bá tún padà lọ wo ilẹ̀kùn?

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣọ́ àdúgbò, ẹgba ò sí nínú ìwádìí. Kì í ṣe torí àánú nìkan ni mo fi sọ ọ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 29, sọ pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n bá fi ìnilára gbà, kọ́ọ̀tù ò gbọ́dọ̀ gbà á wọlé, kódà kó jẹ́ òótọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín da olè sílẹ̀ nìyẹn. ACJA náà sọ̀rọ̀ nípa pé kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, kí lọ́yà afurasí àbí ẹlòmíì tó bá yàn wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe sitétímẹ́ǹtì. Òfin ilẹ̀ wa sì fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kó dákẹ́ títí lọ́yà rẹ̀ á fi dé. Ẹni tẹ́ ẹ bá mú, tẹ́ṣàn ni kẹ́ ẹ fà á lé lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn ọlọ́pàá náà sì ní ọjọ́ kan láti gbé e dé kọ́ọ̀tù níbi tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín 40 kìlómítà, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ò sì ṣaláìní kọ́ọ̀tù. (Ọ̀ràn tó lè la ikú lọ yàtọ̀ díẹ̀.) Kí n tó gbàgbé, tó bá jẹ́ Yorùbá lẹni yẹn fi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, kí méjèèjì jọ dé kọ́ọ̀tù, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ náà múra láti wá jẹ́rìí. Mo ti rí ẹjọ́ tó fọ́ níbẹ̀.

Ó wá ku ẹnu èèyàn, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe tèyí, mo fara mọ́ ọn dáadáa. Ẹ ya àwọn ẹlẹ́rìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó jókòó sọ̀rọ̀ náà di ìtàn kan ṣoṣo, torí tí èèyàn mẹ́ta bá ti jọ jẹ ẹ̀kọ lórí ẹ̀, ẹlẹ́rìí kan lẹ kù. Ẹ má fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Lọ́dún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer ní Amẹ́ríkà fi fíìmù ìjàm̀bá mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bi àwọn kan pé báwo ni mọ́tò yẹn ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn, wọ́n bi àwọn kan pé nígbà tí wọ́n rún ara wọn wómúwómú. Àwọn tó gbọ́ wómúwómú ní eré yẹn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, púpọ̀ sí i nínú wọn tún ní àwọn rí gíláàsì tó fọ́, bẹ́ẹ̀ gíláàsì kankan ò fọ́ nínú fíìmù yẹn. Ẹ ò rí i? Wọn ò parọ́ o, ìbéèrè ló bá wọn ya fọ́tò tuntun sórí. Nínú àwọn tí àyẹ̀wò DNA ti gbà kúrò lẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ló jẹ́ pé ẹlẹ́rìí kan ti nàka sí wọn pé òun rí wọn. Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ yẹn pé ṣé aṣọ pupa ló wọ̀. Ẹ ní, kí ló wọ̀? Kẹ́ ẹ wá panu mọ́.

Pípanu mọ́ yẹn ló le jù. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà kan ní Ìjẹ̀rú, ẹ ò lè fa bírò yọ kẹ́ ẹ ní bàbá, aago mélòó. Ẹ máa dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ẹ máa béèrè ara àti ọmọ, kẹ́ ẹ wá ní, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ látàárọ̀. Wọ́n máa gba oko lọ, wọ́n máa gba ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ wọn kọjá, ẹ má já wọn lẹ́nu, torí ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n ti máa já sí ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ kẹ́ ẹ béèrè. Ìgbà tí wọ́n bá sọ tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa padà, ẹ ní, bàbá, ẹ sọ pé ẹ gbọ́ pé ọkọ̀ funfun ni, ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ? Tí wọ́n bá dárúkọ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn lẹ̀ ń lọ báyìí, torí kọ́ọ̀tù kì í sábà gba mo-gbọ́-pé.

Aago tún wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa kì í fi aago ka nǹkan, wọ́n á ní kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni, wọ́n á ní ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ni. Àwọn ọ̀gá kan máa ń bínú sí i, èmi ò bínú, torí ìrun àsùbáà dájú ju aago ọwọ́ ẹlòmíì lọ. Ẹ lọ bá ládàánì mọ́ṣáláṣí yẹn, ẹ béèrè aago tó pe ìrun lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ wá bi òun fúnra rẹ̀ pé kí ló rí lọ́nà, ó ṣáà jí kí ẹ̀yin tó jí. Alákàrà náà jí. Ẹni tó ń gbé ẹran lọ sí ọjà jí, ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò ní Tákìé jí. Àwọn tó ń rí ìlú ní ìdájí ò pọ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ ẹni kan náà lójoojúmọ́, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ti ní kámẹ́rà tí ò nílò jẹnẹrétọ̀. Ti iná yẹn, ẹ ṣọ́ra, òpópónà kan lè níná kí èkejì má ní, ẹ béèrè ilé mẹ́ta mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọ̀rọ̀ tèmi-tìẹ díẹ̀. Gbèsè àti àdéhùn tó yẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn tẹ́ṣàn, ACJA sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ìyẹn nìkan, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 náà tún un sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ṣì ń fi ọlọ́pàá gba gbèsè. Ìwádìí ibẹ̀ náà yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ mú iyèméjì tó mọ́gbọ́n wá kúrò lọ́kàn adájọ́, nínú ẹjọ́ tèmi-tìẹ, ibi tí ẹ̀rí bá ti wúwo jù ni ẹjọ́ ń dá sí. Bébà ló ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀, risíìtì, sitétímẹ́ǹtì báńkì, lẹ́tà.

Ilẹ̀ ni tiwa. Láti ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, kọ́ọ̀tù tó ga jù ti la ọ̀nà márùn-ún téèyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn bó ṣe dé ọwọ́ ẹbí, ìwé tó yè kooro, kéèyàn ti máa lò ó bí olówó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bíi kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, kó ti pẹ́ tó ti ń gbé ibẹ̀, àbí kó jẹ́ pé òun ló ni ilẹ̀ tó bá a pààlà tó fi hàn pé èyí náà lè jẹ́ tiẹ̀. Ẹ rí i pé risíìtì nìkan kọ́. Olùwádìí á wọ inú ilẹ̀ yẹn lọ. Pèrègún tí wọ́n fi pààlà ńkọ́, ṣé ó ti dàgbà àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín léṣìí kí wọ́n fi tan adájọ́? Ta ló ń ká kajú tó wà níbẹ̀, àtìgbà wo? Ta ni ìyá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ kọjá ààlà? Tó bá wá kan risíìtì, ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí i, torí ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò bá lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, òfo ni. Ẹ gbé pláànù sọ́fè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí i nílé ìjọba n'Íbàdàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tí wọ́n fi hàn yín ló wà nínú ìwé, ọkọ̀ Ìbàdàn ò wọ́n tó ilẹ̀ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín.

Tí ìtàn ẹbí méjì bá wá ta kora, tí bàbá méjì jọ ń sọ ìtàn tó dùn létí? Ẹjọ́ kan láti Gánà, Kojo àti Bonsie, dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1957, ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò níbí: ẹ má wo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ wo ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn lójú ayé àwọn tó wà láàyè, kẹ́ ẹ wo ìtàn tó bá a mu. Mo fẹ́ràn ẹjọ́ yẹn gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ fóònù, kíákíá. Ìsọ̀rọ̀ WhatsApp lè jẹ́ ẹ̀rí, àmọ́ abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí, tí wọ́n ti ṣàtúnṣe òfin náà lọ́dún 2023, ní ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn nípa ẹ̀rọ tó ti jáde, lọ́yà yín máa ṣe ìwé rẹ̀. Tiyín ni pé kẹ́ ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, kẹ́ ẹ fi fóònù yẹn gan-an pamọ́, screenshot nìkan ò tó. Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ fi aago inú rẹ̀ wé aago yín, ó máa ń yẹ̀. Tí wọ́n bá jí fóònù yín, nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, wà lára páálí tó bá a wá, ẹ má jù ú nù. Ẹni tó ṣì ní fóònù lọ́wọ́, ẹ tẹ *#06#, ẹ kọ ohun tó bá jáde síbì kan nílé.

Mo rí ọwọ́ ìyá yẹn. Wọ́n ní ẹnì kan wá ra ọjà, ó fi álẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n lórí fóònù rẹ̀, ó gbé ọjà lọ, owó ò wọlé, wọ́n fẹ́ kí wọ́n lọ mú un. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi: ẹ rí fóònù ẹni náà, ẹ ò rí owó nínú àkáǹtì tiyín. Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó fi ránṣẹ́ tí báńkì ò tíì jẹ́ kó dé, àbí tí wọ́n ti dá a padà fún un. Ìkíní, ọlọ́pàá ló ni ín. Ìkejì, ọ̀rọ̀ gbèsè ni, tẹ́ ẹ bá sì ti pè é lólè lójú ọjà, ẹ̀yin ló máa pè lẹ́jọ́. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ kọ ohun tó gbé, iye rẹ̀, aago tó dé, nọ́ńbà tó fi pè yín, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú yín. Lọ́la, ẹ gba sitétímẹ́ǹtì àkáǹtì yín ní báńkì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ra ọjà yẹn dé òní, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Tí owó yẹn ò bá sí níbẹ̀ títí dìgbà yẹn, ẹ mú un lọ sí tẹ́ṣàn pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ fi ẹ̀dà kan sílé. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kàn?